Igi Àjà Kẹta Láti Ẹnu Ọ̀nà

Ilé tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi ní Ọ̀tà ti di mọ́ṣáláṣí báyìí. Níbi tí mo jókòó sí yìí, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi, mo máa ń gbọ́ ìpè ìrun láti inú rẹ̀. Èmi gan-an ni mo bá wọn tún un ṣe. Àwọn kan nínú ìjọ mi ò tíì dárí rẹ̀ jì mí. Bí a bá pàdé lọ́jà, wọ́n á kí mi bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí, tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni àbí kí ẹ wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá ní Sango, mi ò ní bá yín yan èyí tó dáa jù. Iṣẹ́ káfíńtà nìkan ni mo mọ̀. Màá sọ bó ṣe rí fún mi, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó bóyá ẹ lè fara dà á.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní abúlé kan lọ́nà Ìgbẹ̀sà. Nígbà tó rí i pé mò ń fi àdá gbẹ́ àpótí ìjókòó dípò kí n fi ṣánko, ó mú mi wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ní Ọ̀tà. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n san ò gùn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá Làmídì, onígbàgbọ́ ni àwa, kò sì sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe wàhálà. Ohun tí bàbá mi béèrè ni bóyá ọ̀gá máa ń na ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá ní òun kì í na ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò tíì mọ ohun tó máa ń ṣe dípò ẹgba.

Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé igi tí kò gún, ọ̀gá á gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, á so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oníbàárà tó bá ń wọlé á béèrè pé, "Kí nìyí?" Ọ̀gá á dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Iṣẹ́ Jóṣúà ni." Kò ní bínú, kò ní rẹ́rìn-ín. Igi náà á wà níbẹ̀ títí wàá fi gé òmíràn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tèmi pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá kan fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ilé. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sá lọ. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Bàbá mi á kàn mú mi padà ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí ibẹ̀ sú mi ni àwọn ọmọ ọ̀gá. Mọnsúrù ni àkọ́bí. Ó mọṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, wọ́n sì ti ń múra láti fẹ́ ìyàwó fún un. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn, bí a ṣe ń fi etí gbọ́ ọ pé eyín ayùn ti mú. Sìkírá ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, òun ló ń se oúnjẹ fún àwa ọmọ iṣẹ́. Ẹran tó bá tóbi jù, ti Mọnsúrù ni. Bí a bá ráhùn, Sìkírá á ní, "Ẹ lọ sọ fún ìyá yín kó bí Sìkírá tiyín." Mọnsúrù á gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́, á pín in fún wa kí àbúrò rẹ̀ tó yíjú padà.

Ọ̀gá ní òfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ súfèé lórí òrùlé. Kí a tó fi okùn gbé igi sókè láàárọ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ okùn náà ní méjì-méjì, kí ọ̀gá lè wò ó bóyá yóò já. Pákó tí a bá rà, a ó kùn ún ní ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ọkọ̀, nítorí ikán. Bí mo ṣe jókòó yìí, òórùn ọ́ìlì yẹn ṣì wà nímú mi.

Ìgbà tí mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀ ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa dé. Ilé àtijọ́ ni. Amọ̀ ni àwọn bàbá ńlá wa fi mọ ògiri rẹ̀, ó nípọn tó fi jẹ́ pé ọmọdé lè sùn lójú fèrèsé rẹ̀. Ikán ti jẹ òrùlé rẹ̀ tán. Àwọn alàgbà ìjọ ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Làmídì, ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló kan Mùsùlùmí nínú òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wọn, ní, "Ẹ wá ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiẹ̀, kí ẹ mú un wá." Wọn ò rí ẹnì kankan mú wá.

Ìrókò ni ọ̀gá fi ṣe àwọn igi àjà, ìyẹn àwọn igi ńlá tó dábùú láti ògiri kan dé èkejì tí gbogbo òrùlé gbára lé. Kò fi ìṣó kàn wọ́n rárá. Ó gbẹ́ ẹnu igi kan kó lè wọ inú ìkejì, ó dá wọn lu, ó wá fi èèkàn igi gbá wọn pọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà tó báyìí. Ó ní ìṣó á dípẹtà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá kan èèkàn, yóò wú ni, yóò sì fún mọ́ra sí i. Ó tún ní bí ẹlòmíì bá fẹ́ tú òrùlé náà lẹ́yìn òun, kó lè yọ èèkàn láì ba igi jẹ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ta ló fẹ́ wá tú òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Àsìkò òjò ni. Bí ìrun bá tó, ọ̀gá àti Mọnsúrù á sọ̀ kalẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, wọ́n á fẹ́ sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá Ìjọ rí wọn lọ́jọ́ kan tí òjò lù wọ́n rin gbindin. Ó ní, "Làmídì, ilé Ọlọ́run kọ́ nìyí? Ẹ kírun yín níbí." Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń tẹ́ ẹní sórí èérún igi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń pa àwa onígbàgbọ́ lẹ́rìn-ín ni pé wọn kì í kọjú sí pẹpẹ. Igun ilé ni wọ́n máa ń kọjú sí, láàárín pẹpẹ àti fèrèsé apá òsì, ọ̀gá á wà níwájú, Mọnsúrù á wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi Mọnsúrù pé ṣé pẹpẹ wa ló ń bà á lẹ́rù ni. Ó ní, "Jóṣúà, ẹni tó kọ́lé yìí ò bi wá léèrè kó tó kọ́ ọ."

Igi àjà tó kù ò pọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. A ti rọ̀ mọ́ okùn láàárọ̀, ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ibi tó bó. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fa igi kan lọ sókè, okùn náà ń ha etí páànù tuntun tí wọ́n ti kàn sí apá kan, àwa tí a wà lókè ò sì rí i. Mọnsúrù wà nísàlẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ìdí igi sọ́nà. Ó gbọ́ ìró okùn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ. Ó ké pé, "Ẹ kúrò níbẹ̀!" sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kúrò. Òun ò rí àyè kúrò.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Sìkírá ti lọ sí ọjà, ìgbà tó dé, wọ́n ti gbé e lọ. Ó jókòó sídìí ààrò, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Lọ́rọ̀ ìlú, onígbàgbọ́ ń sọ pé inú Ọlọ́run ni kò dùn sí i pé Mùsùlùmí fọwọ́ kan ilé òun. Mùsùlùmí ń sọ pé kí ni Làmídì ń wá dé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, ó ṣì ń bí mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fídàáù tán, ọ̀gá padà sẹ́nu iṣẹ́. Igi náà ṣì wà nílẹ̀ ibi tó ṣubú sí. Àwọn alàgbà ní kó fi í sílẹ̀, àwọn á ra òmíràn. Ọ̀gá wò wọ́n títí. Ó ní, "Okùn ló já. Igi ò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá gbé e jù sígbó, kí ni ọmọ mi wá kú fún?" Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tán, omijé ń kán sórí ìrókò náà, kò nù ún. A gbé e sókè pẹ̀lú okùn tuntun. Igi àjà kẹta ni, bí ẹ bá kà á láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ò tún bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú, kò sì tún so igi ẹnikẹ́ni mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo dá dúró. Ọ̀rọ̀ àárín ibẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo kan òrùlé ní Ọ̀tà, ní Ìjọ̀kó nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, títí dé ìgbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó rọ́ wá síbẹ̀ tí ilé ò jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀nà. Ayùn ọwọ́ tí Mọnsúrù fi kọ́ mi, ayùn oníná gba ipò rẹ̀. Ó yára, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò fetí gbọ́ eyín rẹ̀ mọ́, ariwo ló kù. Lẹ́yìn náà ni àwọn wẹ́dà dé pẹ̀lú irin. Mo lọ bá wọn gba iṣẹ́ òrùlé ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango, fóòmànù ibẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Baba, na iron we dey use now o. Wood don go." Kò yájú sí mi, òótọ́ ló sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo padà sílé. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti darúgbó.

Ìjọ wa náà kúrò ní kékeré. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí ojú títì, onírin, tí fáànù rẹ̀ tó ilé. Ti àtijọ́ wà ní títì pa, ewúrẹ́ ń bímọ sínú rẹ̀. Ní àsìkò kan náà, iṣẹ́ títì wó mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwọn Mùsùlùmí sì ń kírun lábẹ́ tápólì. Wọ́n wá bá ìjọ sọ ọ́, ìjọ sì tà á fún wọn. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i nípàdé. Ọjọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ ni àwọn kan tó rántí pé àwọn fẹ́ràn ilé náà.

Àlájì Rájí, tó ń ta irin ní Sango, ni alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí náà. Ó wá sílé mi, ó ní kí n wá bá àwọn tú bẹ́ǹṣì, kí n sọ àgbélébùú orí ilé kalẹ̀, kí n sì ṣe àga ìwàásù fún Lemọ́mù. Ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, gbọ́ ọ láti inú yàrá. Nígbà tí Àlájì lọ tán, ó jáde sí mi. "Bàbá Dúpẹ́, ibi tí a ti ṣègbéyàwó? Bí o bá fi ọwọ́ yẹn kan àgbélébùú Olúwa, má fi í bu oúnjẹ tèmi." Mo ní bí mi ò bá lọ, àwọn ọmọ oníṣẹ́ á fi òòlù wó o lulẹ̀ ni. Ó padà wọ yàrá. Mo gun òkè lọ, mo tú àgbélébùú náà jẹ́jẹ́, mo gbé e lé orí ara mi dé ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Mo sunkún lọ́nà, ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó ṣe é.

Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìlà oòrùn ni pẹpẹ wa wà, ìhà ìlà oòrùn sì ni Mùsùlùmí ń kọjú sí níbí, ni wọ́n bá tò ó bí a ṣe to bẹ́ǹṣì, wọ́n kọjú sí ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kírun bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àfi ìgbà tí áfáà kan wá kí wọn láti òkèèrè, ó wo oòrùn, ó wo fóònù rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé Mẹ́kà ò sí níbẹ̀. Ó yà sí apá òsì, lọ́nà igun ilé.

Ariwo ta. Lemọ́mù, bàbá àgbàlagbà tí kì í pariwo, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Àlájì Rájí ní bí àwọn bá kọjú sí igun, kápẹ́ẹ̀tì á wọ́, àyè á ṣòfò, èrò Jímọ̀ á sì kún ojú títì. Ó ní kí àwọn tú òrùlé náà, kí àwọn wó ògiri, kí àwọn kọ́ tuntun tó kọjú síbi tó yẹ. Mi ò lè pè é lẹ́ni burúkú, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún wá bá mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ bí òrùlé yẹn ṣe so pọ̀. Ẹ bá wa tú u. Bí ẹ ò bá ráyè, àwọn ọmọ aláyùn oníná kan wà tí wọ́n máa gé e sí wẹ́wẹ́, sọ́míìlì á rà á."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Sìkírá dé. Àlájà Sìkírá ni gbogbo èèyàn ń pè é báyìí, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó jókòó sórí àga tí ẹ jókòó sí yìí.

Ó ní, "Bọ̀dá Jóṣúà, wọ́n ní wọ́n fẹ́ tú òrùlé."

Mo ní, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Mi ò wọ ibẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, kí ni mo fẹ́ wá lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ìgbà tó wá di tiwa, mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé. Bàbá mi ní igi náà wà lókè níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Èmi àti bàbá yín la jọ gbé e."

Ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá gbà, kí ẹ tó tú u, ẹ fi hàn mí."

Mi ò lè jẹun. Ìyá Dúpẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá, bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ wá fúnra rẹ̀, ó ní, "Mọnsúrù tó máa ń pín ẹran fún yín nìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé bá wọn. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ Kùránì, mi ò lè bá wọn jiyàn nípa ẹ̀sìn wọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Làmídì fún wọn, òjò, ẹní lórí èérún igi, àti Mọnsúrù. Mo ní, "Kí ẹnikẹ́ni tó ra ilé yìí ni wọ́n ti kírun nínú rẹ̀. Igun yẹn ni wọ́n kọjú sí. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò sọ pé kí a wó ògiri fún wọn."  Mo nawọ́ sí òkè, mo ní, "Ọ̀kan nínú wọn kú sídìí igi tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí sọ́míìlì."

 Lemọ́mù dìde, ó bi mí pé, "Níbo ni wọ́n máa ń dúró sí?" Mo rìn lọ síbẹ̀, mo fi hàn án. Ó dúró síbi tí ọ̀gá mi máa ń dúró, ó kọjú sí igun ilé, ó kírun ràkáà méjì ní òun nìkan. Nígbà tó sàlámà tán, ó wo Àlájì Rájí. "Rájí, àwọn kan ti dúró báyìí ṣáájú wa, ó sì gbà wọ́n. Jẹ́ kí á dúró bẹ́ẹ̀."

Àlájì Rájí fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Èrò Jímọ̀ ń kọ́?" Lemọ́mù ní kó fi irin rẹ̀ ṣe àtíbàbà síta fún wọn. Ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ òrùlé sì parí síbẹ̀.

Ẹ ń bi mí ní èrè tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí. Mi ò ní ka ilé fún yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìrun parí tí èrò ti ń tú, wọ́n wá pè mí pé Àlájà kan ń béèrè mi. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Sìkírá ló wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn obìnrin ń dúró sí, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Ó ní, "Bọ̀dá Jóṣúà, èwo ni?"

Mo nawọ́ sí igi kẹta láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó wò ó títí. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó ká ẹní náà, ó wá tún un tẹ́ sábẹ́ igi náà gan-an.